Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń háyà ilé ní Festac: rìfíù mi rèé kí ẹ tó sanwó fún ajẹ́ńtì

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin dispatch kan pè mí nínú òjò, ó ní òun ti dé ẹnu ọ̀nà, kí n jáde wá gba ẹrù mi. Mo da ìborùn borí, mo sáré jáde, mi ò rí ẹnikẹ́ni. Mo ní ibo lo wà, ó ní G Close. Mo ní G Close lèmi náà wà. Ó ní "Àǹtí, mo dúró síwájú gèètì dúdú kan báyìí, òjò ń pa mí o." Ìgbà yẹn ló tó sọ sí mi lọ́kàn kí n bi í pé G Close ti road wo? Ó ní 21 Road. Yéè! 721 Road ni mo tẹ̀ ránṣẹ́ sí i, ó fo 7 iwájú bí ẹni ń fo kòtò. Ó wà ní 2nd Avenue, èmi wà ní 7th Avenue, ó sì ti ń kan gèètì onígèètì bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè.

Ẹni tí kò bá gbé Festac máa ń rò pé ìṣirò ni àdírẹ́sì wa. Kò le tó bẹ́ẹ̀. Avenue ni ọ̀nà ńlá, méje ni wọ́n, wọ́n yí gbogbo ẹsítéètì ká. Road ló yọ láti ara avenue, nọ́ńbà tó sì ṣáájú nínú nọ́ńbà road ló sáábà máa ń sọ avenue tó o wà: 23 Road, 2nd Avenue nìyẹn, 402 Road jẹ́ ti 4th Avenue, 512 Road jẹ́ ti 5th. Ara road ni close ti yọ, A, B, C lọ bẹ́ẹ̀. Kò sí orúkọ ọba ńbẹ̀, kò sí orúkọ olóyè, kò sí orúkọ bàbá tó kọ́kọ́ da blọ́ọ̀kù síbẹ̀. Nílùú Èkó tó jẹ́ pé ẹni tó bá kọ́ bóyìs-kọ́tà kan ṣoṣo á ti fẹ́ kí wọ́n forúkọ òun pe títì, ó ṣì ń yà mí lẹ́nu.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ torí àwọn tó ń bi mí ní inbox pé "ṣé Festac ṣì ṣeé gbé báyìí?" ti pọ̀, ó sì ti sú mi láti máa dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń san rẹ́ǹtì níbí, ilé méjì ni mo ti gbé, ọ̀kan lójú avenue, ọ̀kan nínú close, ẹ jẹ́ kí n kúkú ṣe rìfíù rẹ̀ bí èèyàn ṣe ń ṣe ti fíríìjì tó fowó ara ẹ̀ rà. Mẹ́ta ààbọ̀ nínú márùn-ún ni mo fún un. Ibi tí mo ti yọ máàkì, màá sọ. Ṣùgbọ́n ibi tó ti gba máàkì kì í ṣe ibi tí ajẹ́ńtì máa mú yín lọ wò, táìsì tuntun àti POP ni ajẹ́ńtì máa fi hàn yín, á máa tan iná kó sì máa pa á bí ẹni pé òun ló dá iná sílẹ̀.

Ẹ gbọ́ ibi tí ilé yìí ti wá ná, torí ẹ ò ní lóye ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sanwó lé lórí bẹ́ ẹ ò bá mọ̀ ọ́n. Festac ò dàgbà díẹ̀díẹ̀ bíi Mushin tàbí Agége. Torí àlejò ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ọdún 1966 ni wọ́n ṣe àkọ́kọ́ ayẹyẹ iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn èèyàn dúdú ní Dakar, Nàìjíríà ni wọ́n ní kó gba ìkejì, òun ni wọ́n pè ní FESTAC, ogun abẹ́lé bẹ́, wọ́n sún un síwájú, wọ́n wá fi sí 1975, ọdún yẹn kan náà ni ọkọ̀ ojú omi tó kó sìmẹ́ńtì kún etí òkun Èkó tí wọn ò ríbi já a sí, ọdún yẹn náà ni wọ́n gbàjọba lọ́wọ́ Gowon lóṣù keje, ni wọ́n bá tún sún un. Murtala gorí àga, wọ́n pa á lóṣù kejì 1976. Ìgbà Ọbásanjọ́ ló tó ṣeé ṣe, ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977. Ẹ kà á fúnra yín, ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n péré. Torí ọjọ́ 29 ni wọ́n ṣe to nǹkan bí 5,000 ilé sórí ilẹ̀ àbàtà lẹ́bàá ọ̀nà Badagry, pẹ̀lú títì àti gọ́tà, kí àwọn òṣèré àti oníjó láti orílẹ̀-èdè tó lé ní 50 lè ríbi sùn. Stevie Wonder wá sí Èkó fún un, Miriam Makeba wá, Sun Ra, olórin jazz ará Amẹ́ríkà, náà kó ẹgbẹ́ olórin ẹ̀ dé.

Gilberto Gil, olórin, wá láti Brazil. Ẹni yìí ló padà di mínísítà àṣà lọ́dọ̀ wọn ní 2003. Nígbà tó rí ẹsítéètì wa, ohun tó sọ lẹ́yìn náà ni pé ó rán òun létí àwọn ilé tí ìjọba Brazil kọ́ láti fi kó àwọn èèyàn kúrò ní favela, àdúgbò àwọn tálákà wọn. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ ṣe rìfíù ibí yìí. Mi ò sì rò pé ó fi bú wa o. Ẹ bá mi wo ilé náà: ògiri pẹlẹbẹ, fèrèsé kan náà, àtẹ̀gùn kan náà, ìkan ò ga ju ìkejì lọ láti fi ṣe ṣakará. Ilé mẹ̀kúnnù tí wọ́n fi ọgbọ́n tò ni.

Àlejò lọ tán, ilé kù. Federal Housing Authority, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1973, ló wà nídìí ẹ̀, bálọ́ọ̀tì ni wọ́n sì fi pín in fáwọn èèyàn. Màmá tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa, ará Cross River, ọkọ wọn wà lára àwọn tó mú. Wọ́n ṣì tọ́jú lẹ́tà tí wọ́n fi fún wọn nílé náà. Ọjọ́ kan tí mo lọ kí wọn ni wọ́n yọ ọ́ jáde látinú Bíbélì, wọ́n fi nylon ìrẹsì wé e, ìwé náà ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ po sí mẹ́rin ti fẹ́ já. Wọ́n ní òru ni àwọn kó dé, ọ̀pọ̀lọ́ ń ké láti ibi gbogbo, ọkọ wọn sì ń fi iná ọkọ̀ wá nọ́ńbà lára ilé torí gbogbo ilé jọ ara wọn. Wọ́n ń sọ ọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Bàbá ti kú.

Bálọ́ọ̀tì yẹn ló fa ìwà tí Festac ń hù dòní. Àwọn Àwórì ló nilẹ̀ Amúwò kí ìjọba tó gbà á, ṣùgbọ́n nínú ẹsítéètì fúnra ẹ̀, bálọ́ọ̀tì ò béèrè ibi tó o ti wá, Yorùbá bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìgbò, Ìgbò bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Edo, Edo bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Calabar, ọjọ́ kan náà ni gbogbo wọn dé, ìkan ò lè sọ fún ìkejì pé ìwọ lo bá mi níbí. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún méje, Yorùbá ló fi ń kí mi, Pidgin ló fi ń jà, Ìgbò ló fi ń ka góòlù. Èmi ò kọ́ ọ ní ìkankan nínú méjì tó kẹ́yìn.

Ó wá kan close, òun gan-an ni mo fún ní máàkì. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló ní. O wọlé, ilé kọjú síra wọn, àárín ṣófo, igi fúrúùtù kan wà ńbẹ̀, o sì gbọ́dọ̀ gba ibi tó o gbà wọlé jáde. Ọkọ̀ ò lè gba inú ẹ̀ kọjá lọ síbòmíì, nítorí náà kò sí ẹni tí ń sáré ńbẹ̀, àwọn ọmọ ń fi bàtà méjì ṣe òpó góòlù láago mẹ́rin ọ̀sán. Ẹni tí kì í ṣe ará ibẹ̀ tó bá wọ inú close wa, kó tó rìn dé ìdí igi yẹn, èèyàn mẹ́ta á ti bi í pé "ta lẹ̀ ń wá?" Nígbà tí mo kọ́kọ́ kó dé, inú ń bí mi sí i, mo ní kí ló kàn wọ́n. Ó wá dọjọ́ kan.

Mo gbé ìrẹsì kaná, mo gbàgbé ẹ̀ porogodo, mo ti dé Mile 2 nínú kòròpẹ̀ kí Màmá ìsàlẹ̀ tó pè mí pé ṣé mi ò ní nǹkan lórí gáàsì ni, àwọn ń gbóòórùn jíjóná, àwọn sì rí i pé mo ti jáde láago méje kọjá díẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ kọ́kọ́rọ́ tí mo fi sọ́dọ̀ wọn! Ìgbà tí mo padà dé lálẹ́, ìkòkò mi wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti fi irin fọ ìdí ẹ̀ tó ń dán. Wọ́n ní "Ìyàwó, mo kó èyí tí kò jóná lókè fún àwọn ọmọ jẹ. Ṣùgbọ́n iyọ̀ ẹ kì í tó o." Títí dòní tí wọ́n bá ti rí mi tí mò ń gbé gáàsì bọ̀, iyọ̀ ni wọ́n máa fi ṣe mí yẹ̀yẹ́.

Ọdún mẹ́ta ni mo lò lójú avenue kí n tó kó wọ inú close, kò sí ẹni tó mọ orúkọ mi ńbẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì wà lọ́tùn-ún, bíà pálọ̀ wà lósì, tí ìkan bá pa sípíkà ìkejì á tan tiẹ̀, tí NEPA bá wá mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ àwọn méjèèjì á wá jùmọ̀ máa kọrin. Ajẹ́ńtì sì ń pe ibẹ̀ ní "main Festac", owó ẹ̀ ju ti inú close lọ! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn àríyá, ẹ lè gbé ibẹ̀, ẹja sísun ò jìnnà, ẹ sì máa rí kẹ́kẹ́ wọ̀ láago mọ́kànlá òru. Ti èmi kọ́.

Ó ku ibi tí mo ti yọ máàkì.

Ilẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ níwájú ilé kálukú, tí wọ́n ní kí wọ́n gbin òdòdó sí, ti ń tán lọ. Ẹni tó wà ní ìsàlẹ̀ á kọ́kọ́ ṣe féńsì, féńsì á di ìjókòó, ìjókòó á lórùlé, òrùlé á di ṣọ́ọ̀bù, ká tó mọ̀ ṣọ́ọ̀bù ti ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Mo kà á lọ́jọ́ Sátidé kan láti ẹnu close wa dé ojú avenue: ṣọ́ọ̀bù mọ́kànlá, POS mẹ́rin, ṣọ́ọ̀ṣì méjì, àti obìnrin kan tó ń dirun tó tún ń ta gáàsì nínú yàrá kan náà (ẹ bá mi gbàdúrà). Mi ò bínú sí ẹni tó ń wá oúnjẹ òòjọ́ o, èmi náà ń ra búrẹ́dì lọ́wọ́ wọn. Ohun tó ń dùn mí ni gọ́tà. Orí gọ́tà ni ọ̀pọ̀ nínú ilé àfikún yẹn jókòó lé, ilẹ̀ wa sì rèé, ilẹ̀ àbàtà ni látìbẹ̀rẹ̀, gọ́tà yẹn ni wọ́n fi ń fa omi jáde. Ẹ bá dí i, omi ò ní bẹ̀ yín. Oṣù kẹfà sí ìkeje, àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀ ní apá kan máa ń gbé fíríìjì lé orí blọ́ọ̀kù, tábìlì nìkan kọ́. Nítorí náà ẹ má ṣe gba ìsàlẹ̀, àfi tẹ́ ẹ bá ti fojú ara yín rí i lásìkò òjò.

Omi mímu? Bọ́hòòlù. Omi ẹ̀rọ ò dé ilé tèmi láti ọjọ́ tí mo ti kó wọlé. Bọ́hòòlù ilé àkọ́kọ́ tí mo gbé ń mú ìpẹtà wá, gbogbo aṣọ funfun mi di aláwọ̀ tíì. Mẹ́ruwà ni mò ń rà omi lọ́wọ́ ẹ̀ fún ìfọṣọ nígbà yẹn. Ti ilé tí mo wà yìí mọ́ díẹ̀ torí lándìlọ́ọ̀dù fi ẹ̀rọ sẹ́ omi. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bu omi sínú ike funfun, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí kan, ẹ padà wá wo ìdí ẹ̀.

Ti orúkọ wá ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà máa rántí bó ṣe rí ní nǹkan bí 2004, 2005 síbẹ̀, tí wọ́n bá ti ní "Festac", ohun tó kàn ni yahoo. Káfẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kún ibí, àwọn ọmọ ń sanwó fún overnight, wọ́n ń jókòó títí ilẹ̀ fi ń mọ́, ìròyìn wọn sì dé òkè òkun. Àwọn káfẹ́ yẹn ti lọ, fóònù ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, àbàwọ́n ni ò tíì lọ. Mo lọ ṣí àkáǹtì ní báńkì kan lọ́dún bíi mélòó kan sẹ́yìn, ọmọkùnrin tó ń gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ mi ka àdírẹ́sì mi tán, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní "Festac, ma?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ló dé? Ó ní kò sí o. Kò sí ló pè é, bẹ́ẹ̀ ó ní kí n tún mú bíìlì iná kan wá sí i.

Ọ̀nà ló jẹ́ kí n yọ máàkì tó pọ̀ jù tẹ́lẹ̀, ó sì ti ń dá díẹ̀ padà. Iṣẹ́ ọ̀nà Badagry yẹn, 2009 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ẹ má bi mí léèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọdún tí tàǹkà àti tírélà tó ń lọ sí Àpápá bá tò dé Mile 2, mo ti fẹsẹ̀ rìn láti Mile 2 dé First Gate pẹ̀lú bàtà iṣẹ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹsàn-án 2023 tí rélùwéè Blue Line ti ń gbé èrò, kẹ́kẹ́ ni mò ń wọ̀ jáde, mo bọ́ sí Mile 2, mo fi Cowry, káàdì tá a fi ń san owó ọkọ̀, kan ẹ̀rọ, mo dé Marina kí ìdajì wákàtí tó pé. Kílómítà 13 tó jẹ́ pé wákàtí méjì ni mo máa ń fi jókòó nínú dáńfó tẹ́lẹ̀! Ọkọ̀ náà sì ń dúró ní National Theatre, èyí tí wọ́n sọ lórúkọ Wọlé Ṣóyínká ní 2024. Ilé tó jọ fìlà sójà yẹn àti ilé tí mò ń sùn, torí ayẹyẹ kan náà ni wọ́n ṣe kọ́ wọn. Àárọ̀ kan ni mo sọ fún obìnrin tó jókòó tì mí nínú rélùwéè, ó ní "ẹn-ẹ́n?" ó sì padà sórí fóònù ẹ̀.

Àwọn ajẹ́ńtì wá. Ẹ farabalẹ̀ gbọ́ èyí. Gbogbo ilé tó bá wà láti Agboju dé Amúwò, Festac ni ajẹ́ńtì máa pè é. Nígbà tí mò ń wálé kejì, ìkan gba owó fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ mi, ó gbé mi gun ọ̀kadà, a kọjá 7th Avenue, a kọjá ibi tí títì parí sí, a dé ibi tí wọ́n ṣì ń da iyanrìn sínú omi, ó ní "Festac náà nìyí, Àǹtí, ẹ ò rí bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ ni?" Mo ní kí ni àdírẹ́sì ibẹ̀? Ó ní ká pè é ní "after the second transformer." Owó fọ́ọ̀mù mi ò padà. Láti ọjọ́ yẹn, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń kọ́ àwọn èèyàn: road wo, close wo? Tí kò bá ti lè dárúkọ méjèèjì láìronú, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ máa lọ. Ibẹ̀ lè dáa o, mi ò ní kò dáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí mò ń ṣe rìfíù ẹ̀ níbí nìyẹn.

Èwo ni kẹ́ ẹ gbà? Òkè kìíní tàbí ìkejì, inú close, kó jìn sí avenue díẹ̀, ilé tí wọn ò tíì kọ́ nǹkan dí ojú fèrèsé ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ kékeré, mo fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gbé ayé ẹ-má-bi-mí, tẹ́ ẹ fẹ́ wọlé láago méjì òru kí ẹnikẹ́ni má mọ̀, ẹ wá ibòmíì lọ, torí Màmá ìsàlẹ̀ á mọ̀. Lándìlọ́ọ̀dù wa tún fowó lé rẹ́ǹtì lóṣù tó kọjá, mo pariwo, mo ké, mo pe àbúrò mi pé kó máa bá mi wolé kiri, ó fi fọ́tò ilé bíi mẹ́jọ ránṣẹ́ sí mi, gbogbo ẹ̀ ló kọjú sí ojú títì. Mo san án.

Tẹ́ ẹ bá máa wá wolé, ẹ má wá lọ́sàn-án ọjọ́ Túsìdeè tí gbogbo ẹ̀ dákẹ́. Ẹ wá lálẹ́ ọjọ́ Fúráìdè láti gbọ́ ariwo, kẹ́ ẹ sì tún padà wá láàárọ̀ ọjọ́ tí òjò rọ̀ mọ́jú, kẹ́ ẹ wo ibi tí omi dé lára ògiri. Ọmọkùnrin dispatch yẹn dé ọ̀dọ̀ mi nígbẹ̀yìn o. Àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù nínú òjò ló lọ mú un wá láti ẹnu road, mẹ́ta nínú wọn, ìkan sì ti gun ẹ̀yìn ọ̀kadà ẹ̀.